Àwọn Èèyàn Tí Mo Gé Kúrò Nínú Àwo Dúrójayé

Dúrójayé Àkànní, ọmọ Láoyè. Àkànní, ọmọ ilé olókùúta ní Òkè-Àdó, ọmọ a-kọ́-ọmọ-ọlọ́mọ-bí-ẹni-kọ́-tirẹ̀. Àkànní a-rẹ́rìn-ín-nígbà-tí-egungun-ń-ro-ó. A-jókòó-gbọ́rin-ju-ẹni-tó-dìde-jó-lọ. Àkànní tí ìyá bẹ̀ títí pé kó dúró jẹ ayé, tó sì dúró díẹ̀ nítorí ìyá. Ọdún mẹ́rìnlélógún lo fi bá wa jẹ ẹ́. Sùn re o, Àkànní. Èmi Bàbá Sábẹ̀ẹ́ ló ń pè ọ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Òdìkejì ẹnubodè ni wọ́n ti bí mi, ní Sábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ṣàkóso nígbà kan. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ fara dà á fún mi. Orúkọ àwọn èèyàn nìkan ni mi ò lè ṣì, nítorí mi ò gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún tí ìyàwó mi, Ìyá Àdùkẹ́, kú ni mo kúrò nílé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ti dé láti ìrìn àjò. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Sábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbójú sókè lórí iṣẹ́ láti bá obìnrin kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo fi ilé sílẹ̀ fún Àdùkẹ́ ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo ní mò ń lọ sí Ìbàdàn fún ọdún kan. Ọdún kan náà ti di méje báyìí.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Ìbàdàn ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá lọ sí ìlú tí kò ti gbọ́ èdè, ó mọ̀ pé àlejò lòun, ọkàn rẹ̀ a gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kí mi àti èyí tí wọ́n fi ń bú mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni wọ́n ń sọ ní Dùgbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ ní Ṣáléńjì, mo sì rò pé ilé ni mo dé. Àmọ́ bí mo bá ti lanu báyìí, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ á sún sẹ́yìn díẹ̀, á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Bàbá, ará ibo ni yín?" Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí ohun tí mo bá fẹ́ rà, bí odi.

Alájì Múfútáù ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ tó ti ń ta àwo orin, tó sì ń gba orin láti inú àwo sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Àgànyìn ló ń pè mí láti ọjọ́ kìíní, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá ti apá ọ̀hún wá. Mo sọ fún un pé Yorùbá ni mí. Ó ní òun ò jiyàn, Yorùbá Àgànyìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìsinmi. Ó bi mí lọ́jọ́ kan níwájú àwọn oníbàárà pé ṣé a tiẹ̀ ní iná mànàmáná lọ́hùn-ún rárá. Mo ní a ní, pé àṣà lílọ-lílọ bíi tiwọn nìkan ni tiwa ò tíì kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ọjọ́ kejì ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Yàrá kan ni mo gbà ní Agbowó, nínú ilé tó kún fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rótìmí ló wà ní yàrá tó kàn mí. Ọdún kan gbáko, "Ẹ kú àárọ̀, sà" àti "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà" ni gbogbo ohun tó wà láàárín èmi àti ẹ̀. Nílé, bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, aládùúgbò á bi mí láti ẹ̀yìn ògiri pé kí ló dé. Ní Agbowó, ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń bá Àdùkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Mo ti máa kọ lẹ́tà sí i tẹ́lẹ̀, kí ó lè wá jókòó dè mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Sábẹ̀ẹ́. Ìpè náà á gba Èkó, á gba Kútọnú, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà mìíràn kò ní í dé rárá. Èmi á jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ níbí, òun á jókòó sọ́hùn-ún, títí wọ́n á fi ní kí oníkálukú máa lọ. Ìgbà tó bá wọlé, ohùn rẹ̀ á máa jáde bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, mò ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn yín. Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Àwọn èèyàn ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Àwọn tó ń dúró de ìpè tiwọn ni. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Mo ní, "Mo mọ̀ wọ́n, ọmọ mi."

Iṣẹ́ gbígba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì ní àṣà tirẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kì í sábà gùn tó ohun tí oníbàárà fẹ́ kó gbà. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ á jókòó ti ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ á wà lórí bọ́tìnnì. Bí orin kan bá parí, á dá téèpù dúró. Bí òmíràn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á tú u sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo, kò gbọdọ̀ sí ariwo. Láàárín oṣù díẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ náà débi pé àwọn oníbàárà á kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé Bàbá Àgànyìn wà níjòókòó.

Ibẹ̀ ni Dúrójayé ti bá mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà, ó ga, ó tín-ín-rín, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó gbé àwo kan wá tó fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Àwo méjì ló wà nínú páálí kan, ojú mẹ́rin. Àwòrán àwọn òyìnbó mẹ́rin tí irun wọn bo èjìká wà lẹ́yìn páálí náà, pẹ̀lú gìtá àti ìlù, níwájú èrò tí kò lóǹkà. Kì í ṣe inú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin ni wọ́n ti ṣe é bí àwọn àwo yòókù. Níbi eré gan-an ni, lójú àwọn èèyàn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Dúrójayé ní ara òun kì í sábà yá, òun sì fẹ́ ohun tí òun lè máa gbé lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n bá òun gba gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, mo gbọ́ ọ.

Mo fi odindi ọ̀sán kan ṣe é. Orin náà ò yé mi. Gìtá wọn ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn gé páànù, àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, mo gé e. Níbi tí ẹnì kan ti súfèé, mo gé e. Ní ojú kẹta, láàárín orin tó gùn jù, ohùn gìtá dédé dákẹ́. Ó ku ìlù nìkan àti àtẹ́wọ́, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mu omi kọ́ọ̀pù kan. Mo yẹ abẹ́rẹ́ wò, mo yẹ wáyà wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo ní àwo yìí ti bàjẹ́ níbí. Mo gé ibẹ̀ náà, mo fi gìtá kan gìtá. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Mo pe Alájì kó wá gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń jẹ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà padà wá. Mo ti ń retí kó kí mi kú iṣẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí Alájì gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kó àwọn èèyàn náà lọ?"

Mo ní èèyàn wo.

"Àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ ti lé gbogbo wọn jáde. Ó wá ku àwọn mẹ́rin yẹn, wọ́n ń kọrin fún àga."

Mo ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí fún un. Mo sọ fún un pé ojú kẹta tiẹ̀ ti bàjẹ́, pé èmi ni mo bá a tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín ń dùn ún. Ó ní kò bàjẹ́. Ó ní wáyà gìtá ló já lọ́wọ́ ọkùnrin náà láàárín eré. Onílù ò dúró. Àwọn èèyàn bá a mú un pẹ̀lú àtẹ́wọ́, wọn ò jẹ́ kí orin náà ṣubú, títí ọkùnrin yẹn fi so wáyà mìíràn, tó sì padà bá wọn. Ó ní nítorí ibẹ̀ gan-an ni òun ṣe fẹ́ràn àwo náà.

Ojú tì mí. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un gbà. Ó ní kò burú, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ ná, kí n wá jókòó láàárín àwọn èèyàn náà. Ó ní Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní Bódìjà.

Ilé bàbá rẹ̀ ni, Tísà Láoyè, olùkọ́ ilé ìwé gíráámà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìyá rẹ̀ náà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló sì ń bá a jà láti kékeré. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbọ́ àwo. Mo wọlé, ta ni mo rí? Rótìmí tí yàrá rẹ̀ kan tèmi ní Agbowó. Àwa méjèèjì wo ara wa bí olè méjì tó pàdé nínú oko ẹlòmíràn. Àwọn yòókù ni Bísí, tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road, àti Láyí, tó ń kun mọ́tò ní Ṣàngó. Wọ́n gbé àga tó dára jù fún mi.

Onírun ni wọ́n ń pe àwọn olórin náà. Wọ́n ní òfin. Oníkálukú ló ní ojú àwo tirẹ̀: ti Láyí ni ojú kìíní, ti Bísí ni èkejì, Rótìmí ló ni ẹ̀kẹta, Dúrójayé tí wọ́n ń pè ní Dúró ló ni ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá kàn ló ń gbé abẹ́rẹ́ lé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tuntun kan tí òun gbọ́ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bísí ti gbọ́ obìnrin kan tó rẹ́rìn-ín kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀rín ẹni tó wá pẹ̀lú ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni. Láyí ní ibo lòun náà ti mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó máa ń súfèé lẹ́ẹ̀mẹta, Bọ̀dá Súfèé lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Láyí ní ó ti mutí, Rótìmí ní inú rẹ̀ ló dùn. Bí iná bá lọ láàárín orin, tí àwo bá ń fà títí tó fi dúró, wọn kì í dákẹ́. Wọ́n á máa fi àtẹ́wọ́ mú un lọ títí iná á fi dé, tàbí títí Láyí á fi ní ọwọ́ ń ta òun.

Ní Sunday kẹta, Dúró ní kí Bàbá náà sọ tiwọn. Mo ní kí wọ́n gbé ojú kẹta sí i. Nígbà tó dé ibi tí wáyà já, mo ní kí wọ́n fi etí sí sípíkà apá òsì, lábẹ́ àtẹ́wọ́. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́ ọ: tín, tín, tín. Ọkùnrin náà ló ń yí wáyà tuntun kó le, tó ń dán an wò pẹ̀lú ìka kan, bí mo ṣe máa ń dán wáyà rédíò wò. Wọ́n tún un gbé lẹ́ẹ̀mẹrin. Láyí dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fún mi ní ibẹ̀: Bàbá Sábẹ̀ẹ́ ló ni ibi tí wáyà já. Nínú ìlú yìí, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ tèmi.

Mo máa ń rò ó lójú ọ̀nà Agbowó. Wáyà tèmi já ní ọjọ́ tí Ìyá Àdùkẹ́ kú. Ní Sábẹ̀ẹ́, wọ́n ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú mi fún ogójì ọjọ́, oníkálukú wá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, orin dúró. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan lè wà ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ mí, tí wọ́n máa bá mi di ìlù mú títí màá fi so òmíràn. Àmọ́ ọkàn àlejò kì í gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní Ìbàdàn: kí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn, láìjẹ́ pé ohun kan ló fà á, láìjẹ́ pé àánú ni tàbí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bí mo bá kúrò ní Bódìjà, èmi náà á bi ara mi pé, ará ibo ni mí?

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn. Alájì ní kí n má bínú, òun ò fẹ́ kí wọ́n torí mi ti ṣọ́ọ̀bù òun. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò pè mí ní Àgànyìn. Mo di àpótí irinṣẹ́ mi, mo lọ dágbére ní Bódìjà. Tísà nìkan ni mo bá ní pálọ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Títí di ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló wà láàárín wa. Lójú tirẹ̀, ariwo ni Onírun. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó de bíírò rẹ̀, ó wọlé lọ wọ bàtà, ó ní kí n jẹ́ ká lọ.

Ó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì àwọn oníwèé ìgbélùú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ mú bíírò, ó bi Tísà pé kí ni èmi jẹ́ sí i.

Tísà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Tísà tó ń na ọmọ ilé ìwé nítorí irọ́, tó ń gbé àwo ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a jáde pẹ̀lú ìwé, mo dúpẹ́ títí. Ó ní ọpẹ́ kí ni, ṣé ẹ̀gbọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ni. Mo mọ̀ pé nítorí ìwé ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ rere ni, mo gbà á, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà. Mi ò gbé e wọlé.

Alájì rí ìwé náà, ó gbà mí padà síṣẹ́. Nígbà kan, mo fi kásẹ́ẹ̀tì kọ lẹ́tà sí Àdùkẹ́. Mo sọ̀rọ̀, mo wá ní kí àwọn ọmọ wọ̀nyí náà kí i. Bísí kí i. Láyí kọrin tí kò dára. Dúró ní, "Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ilé. Bàbá wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣe agídí, wọn ò sì gbà pé àwọn ò gbọ́ orin òyìnbó." Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Àdùkẹ́ ń rẹ́rìn-ín lórí tẹlifóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti bí àbúrò fún mi síbẹ̀." Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà ní Sábẹ̀ẹ́. Mo ti kọ̀wé sí i pé kó má gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

Bí ọdún ṣe ń lọ, ọjọ́ tí Dúró lè dìde pàtẹ́wọ́ ń dín kù. Ní ọjọ́ tí egungun bá ń ro ó, yóò jókòó tì mí, yóò máa fi ìka kan ṣoṣo lu apá àga mi, tó, tó, tó, láìṣì. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé báwo lara. Bísí gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó bi í. Dúró ní, "Ara ń dùn mí, Bọ̀dá Súfèé ò sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́rin."

Ní òjò ọdún yìí ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Ó rán Rótìmí sí mi pé òun fẹ́ gbogbo àwo náà, tuntun, sínú iye kásẹ́ẹ̀tì tó bá gbà á. Ó ní kí n má lé ẹnì kankan jáde. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì lé àyà kí ìka mi má baà ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Alájì gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. Nígbà tí oníbàárà kan wọlé tó ń pariwo, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ọkùnrin náà.

Ní ọsibítù, ojú kan ni a ń gbọ́ lójúmọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a gbọ́ èkíní. Ọjọ́rú, a gbọ́ èkejì. Ọjọ́bọ̀, a gbọ́ ẹ̀kẹta, nígbà tó sì dé ibi tèmi, Dúró wá ọrùn ọwọ́ mi kàn, ó fi ìka kan lù ú títí gìtá fi padà. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ kan náà, ó ń tú u, ó ń ká a. Mo fẹ́ yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ojú kẹrin. Dúró mi orí.

Ó ní, "Ó di Sunday, Bàbá, kí gbogbo wa lè pé. Ibikíbi tí mo bá wà, ẹ gbé e wá bá mi."

Mo ní màá gbé e wá.

Àárọ̀ Sátidé ló kú. Àárọ̀ yẹn ni ìpè Sábẹ̀ẹ́ yẹ kó wáyé. Àdùkẹ́ jókòó síbẹ̀ títí, mi ò lọ. Ní Sunday, a ò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ aṣọ funfun, mo fi bátìrì tuntun sí rédíò kásẹ́ẹ̀tì, mo fi ojú kẹrin sí i, mo gbé e lọ sí Bódìjà. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn ò pa àgọ́, wọn ò se oúnjẹ. Rótìmí, Láyí, Bísí àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ní pálọ̀, Tísà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àga gígùn. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibojì, ọmọdé Yorùbá mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń rò ó pé èmi lè lọ ní tèmi. Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀, èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àlejò ni mí. Mo ní láti ọdún tí mo ti ń jẹ́ àlejò, òní nìkan ló máa wúlò fún mi. Màá mú ìlérí mi ṣẹ.

Mo kí wọn, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Tísà ní, "Níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní mò ń bá àwọn ọmọ lọ ni. Mo ní mo ṣèlérí fún un.

Ó ní, "Bàbá kì í sin ọmọ."

Mo ní, "Tísà, èmi kọ́ ni mo bí i."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

Kò sí òṣìṣẹ́ kankan ní pálọ̀ náà. Kò sí ẹni tó mú bíírò dání. Ìyá Dúró sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, ó ṣí ààyè sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀.

Mo gbé rédíò náà fún Rótìmí. Mo fi bọ́tìnnì hàn án, mo ní tó bá ti tẹ̀ ẹ́, kó gbé ọwọ́ kúrò, kó má gé nǹkan kan, kó jẹ́ kí àwọn èèyàn náà pàtẹ́wọ́ títí wọ́n á fi dákẹ́ fúnra wọn. Mo padà, mo jókòó síbi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún mi. A gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbéra.

Àwọn tó wá kí wa ń kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alájì Múfútáù wá láti Dùgbẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó kí Tísà, ó kí ìyá, ó wá kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan níwájú mi. Ó ní, "Bàbá Dúró, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Mo ṣe àmín.

Bísí ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n gbé ojú kẹrin fún un dé òpin. Ó ní nígbà tí àwọn èèyàn inú àwo ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ò lè gbọ́wọ́ sókè nínú àwọn. Láyí nìkan ló ń fi ìka kan lu ẹ̀gbẹ́ rédíò.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sin Dúrójayé Àkànní, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Òjò kò rọ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ilé ni mo wà.